Ṣé lóòótọ́ ni pé ènìyàn márùn-ún lè ṣòfin fún gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn?

Ọmọ_Ìjẹjà
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp àwọn ará Abẹ́òkúta láti ìjẹta, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní gómìnà lè tú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká bí wọ́n bá yájú sí i. Ó ní ilé náà lè yọ gómìnà bí àwọn tó fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti ju ìdajì lọ. Ó tún ní ènìyàn márùn-ún péré lè jókòó kí wọ́n sì ṣòfin fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ìparí rẹ̀ wá ni pé ẹ̀tàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ pé agbára ìjọba pín sí mẹ́ta, nítorí pé Òkè-Mosàn kan náà ni ọ́fíìsì gómìnà àti ilé aṣòfin wà, ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀.

Èwo ni òótọ́ níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibi tó wà nínú òfin. "Gbogbo ayé ló mọ̀" kò tó.

Akọ̀wé_Ìbarà
Orí iye ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilé 26 ló wà nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, abala 91, ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ dín ní 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Ti Èkó jẹ́ 40, ti Ọ̀yọ́ jẹ́ 32.

Nínú 26 yẹn, iye mẹ́ta ló ṣe pàtàkì: 9, 14 àti 18. Mẹ́sàn-án ni ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ẹ bá pín 26 sí mẹ́ta, 8 àti díẹ̀ ni ẹ ó rí, ṣùgbọ́n kò sí ààbọ̀ ènìyàn, a ó sún un sí 9. Iye tó gbọ́dọ̀ jókòó kí ilé tó lè ṣiṣẹ́ nìyẹn (abala 96). Mẹ́rìnlá ló ju ìdajì lọ, òun ló ń sọ àbádòfin di òfin. Méjìdínlógún ni ìdá méjì nínú mẹ́ta, òun ni wọ́n nílò láti yọ abẹnugan ilé (abala 92), láti sọ àbádòfin tí gómìnà kọ̀ di òfin (abala 100), àti láti yọ gómìnà fúnra rẹ̀ (abala 188). Nítorí náà irọ́ ni pé bí wọ́n bá ti ju ìdajì lọ wọ́n lè yọ gómìnà. Irọ́ náà ni ti ènìyàn márùn-ún.

Agbẹjọ́rò_Ìsàbọ̀
Ẹ rọra, Akọ̀wé. Ẹ ti ṣìṣe níbi 14 yẹn, ti márùn-ún kì í sì í ṣe irọ́.

Ẹ padà ka abala 98. Kò sọ pé kó ju ìdajì gbogbo ọmọ ilé lọ. Ohun tó sọ ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níjókòó tí wọ́n sì dìbò. Ẹ wá fi abala 96 lé e. Mẹ́sàn-án, láìka ẹni tó ń darí ìjókòó mọ́ wọn, ni iye tó kéré jù. Ẹni tó ń darí kì í dìbò àfi bí ìbò bá dọ́gba. Bí mẹ́sàn-án bá jókòó, tí márùn-ún ní bẹ́ẹ̀ ni, tí mẹ́rin ní bẹ́ẹ̀ kọ́, àbádòfin ti kọjá nìyẹn. Márùn-ún nínú 26.

Ohun méjì ló ń dáàbò bò wá. Èkíní, ọmọ ilé èyíkéyìí tó wà níbẹ̀ lè dìde pé iye kò pé. Bí wọ́n bá dúró fún àkókò tí ìlànà ilé sọ, tí orí kò sì tíì pé, dandan ni kí olùdarí sún ìjókòó síwájú. Èkejì, gómìnà ṣì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Ó wá túmọ̀ sí pé márùn-ún pẹ̀lú bíírò gómìnà lè ṣòfin. Bí gómìnà kò bá fẹ́, márùn-ún kò lè ṣe nǹkan kan, 18 ni wọn yóò wá. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ tẹ̀ sí: ilé tí kò pé tó láti dojú kọ gómìnà ṣì pé tó láti ṣe ohun tí gómìnà fẹ́.

Akọ̀wé_Ìbarà
Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. 14 tí mo sọ jẹ́ ti ọjọ́ tí gbogbo ilé bá pé, ọjọ́ yẹn kò sì wọ́pọ̀.

Fún ẹni tí kò mọ bí àbádòfin ṣe ń rìn: wọ́n á kọ́kọ́ ka orúkọ rẹ̀ nìkan, láìsí àríyànjiyàn. Ní kíkà kejì ni wọ́n ti ń jiyàn lórí bóyá ó wúlò rárá. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ni ẹ̀ka náà, àwọn ló lè pe ará ìlú síta láti wá sọ tẹnu wọn. Ìgbìmọ̀ á mú ìjábọ̀ wá, gbogbo ilé á yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹsẹ-ẹsẹ, wọ́n á wá kà á nígbà kẹta. Akọ̀wé ilé á tẹ ẹ̀dà tó mọ́, yóò fi ránṣẹ́ sí gómìnà. Ọwọ́ ìgbìmọ̀ ni gbogbo adùn rẹ̀ wà. Ẹni tó bá dúró de kíkà kẹta kó tó pariwo ti pẹ́.

Ìyá_Kútọ̀
Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ pé bí gómìnà bá gbé àbádòfin sórí tábìlì fún ọjọ́ 30 láìbuwọ́ lù ú, ó ti di òfin fúnra rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Agbẹjọ́rò_Ìsàbọ̀
Rárá mà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, kódà lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀. Abala 100 fún gómìnà ní ọjọ́ 30 láti sọ bóyá ó gbà tàbí kò gbà. Kò síbi kankan tó ti sọ pé bí ó bá dákẹ́, àbádòfin ti di òfin. Ìdákẹ́ dà bí ìkọ̀sílẹ̀. Ilé ni yóò tún un gbé wá, kí 18 fọwọ́ sí i, ìgbà náà ni yóò di òfin láìsí ìbuwọ́lù gómìnà.

Ó ṣọ̀wọ́n o. Ní Àbújá, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣe irú rẹ̀ sí Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní ọdún 2000 lórí òfin NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ààrẹ Buhari kọ̀ láti buwọ́ lu àbádòfin ìdìbò ní òpin 2021 nítorí ọ̀nà tí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń yan olùdíje, wọn kò gbìyànjú ìdá méjì nínú mẹ́ta rárá. Wọ́n yọ ohun tí kò fẹ́ kúrò, ó sì buwọ́ lù ú ní Oṣù Kejì 2022. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn: ẹni tó ní bíírò ń dúnàádúrà pẹ̀lú àwọn tí kò ní 18.

Ọmọ_Ìjẹjà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa to ti yíyọ gómìnà lẹ́sẹẹsẹ. Òun ni àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn tẹnu mọ́ jù.

Agbẹjọ́rò_Ìsàbọ̀
Abala 188. Ẹ fọkàn sí ọjọ́ àti iye, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀.

Ó kéré tán, ọmọ ilé 9 ló máa buwọ́ lu ìwé tó sọ ìwà àìtọ́ ńlá tí wọ́n ní gómìnà hù, pẹ̀lú àlàyé kíkún. Wọ́n á fún abẹnugan. Láàrin ọjọ́ 7, abẹnugan gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gómìnà àti sí ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan. Láàrin ọjọ́ 14 tí wọ́n mú ìwé náà wá, bóyá gómìnà fèsì tàbí kò fèsì, ilé á dìbò bóyá kí wọ́n ṣe ìwádìí. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ìbò lásán ni, 18 ló sì gbọ́dọ̀ gbà. Bí wọ́n bá rí 18, láàrin ọjọ́ 7 abẹnugan á ní kí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ yan ènìyàn 7 tí ìwà wọn mọ́, tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọn kì í ṣe aṣòfin, tí wọn kò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú. Gómìnà lẹ́tọ̀ọ́ láti wá gbèjà ara rẹ̀ tàbí kó rán agbẹjọ́rò. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta láti parí iṣẹ́. Bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn kò fìdí múlẹ̀, ó parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó fìdí múlẹ̀, ilé ní ọjọ́ 14 láti gbé ìjábọ̀ náà yẹ̀ wò, 18 náà ló tún gbọ́dọ̀ tẹ́wọ́ gbà á.

Ẹ rí i pé 18 ni lẹ́ẹ̀mejì, adájọ́ àgbà sì wà láàrin. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni; òfin kò fẹ́ kí ẹni tó mú ẹ̀sùn wá tún jẹ́ ẹni tó wádìí rẹ̀.

Bó ṣe máa ń bàjẹ́: Ọ̀yọ́, 2006. Ní 12 Oṣù Kìíní ọdún yẹn, aṣòfin 18 nínú 32 kéde pé àwọn ti yọ Gómìnà Ráṣídì Ládọjà (Olúbàdàn báyìí). Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìjókòó wọn, kì í ṣe ilé aṣòfin. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 jẹ́ 22. Mẹ́rin dín. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé e ní 1 Oṣù Kọkànlá, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì tì í lẹ́yìn ní 7 Oṣù Kejìlá. Àwọn tó yọ ọ́ gbẹ́kẹ̀ lé ẹsẹ kẹwàá abala 188, tó ní kóòtù kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ilé ẹjọ́ ní ẹsẹ kẹwàá wúlò fún ẹni tó bá tẹ̀lé ẹsẹ kìíní dé ìkẹsàn-án nìkan.

Oníṣirò_Ṣápọ̀n
Kí n fi ìṣirò kan kún un. Ẹni tó bá fẹ́ 18 nínú 26 nílò pé kí àwọn tó takò ó má ju 8 lọ. Gómìnà tó bá ní ọmọ ilé 9 tí kò lè yẹsẹ̀ ti sùn kó hanrun. Mẹ́sàn-án tó láti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìyọnípò, mẹ́sàn-án náà sì tó láti pa á.

Òkè-Mosàn níbí ti rí i rí. Ní 2010 ilé pín sí G-15, àwọn tó takò gómìnà, àti G-11, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè kọ ohun tí gómìnà bá béèrè, kò sí àbádòfin tó lè kọjá láìsí wọn lọ́jọ́ tí gbogbo wọn bá wá. Ṣùgbọ́n 15 kì í ṣe 18. Mọ́kànlá ní tiwọn kò lè ṣòfin lójú 15, àmọ́ wọ́n lè dènà ohunkóhun tó bá fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó lè ṣíwájú, kò sẹ́ni tó lè padà sẹ́yìn, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n tì pa.

Ọmọ_Ìjẹjà
Ó yé mi. Ti pé gómìnà lè tú ilé ká ńkọ́?

Bàbá_Àkẹ̀
Àbúrò, ìyẹn kò sí nínú òfin yìí. Abala 105 ní ọdún mẹ́rin ni ilé máa fi jókòó láti ọjọ́ ìjókòó àkọ́kọ́. Gómìnà ló ń kéde ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun ló ń kéde ìparí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkéde lásán ni, kò lè gé ọjọ́ kúrú.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ yẹn ti wá ni pé a ti lo ètò mìíràn rí. Láyé ìjọba àkọ́kọ́, bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ṣe ń ṣe é: olórí ìjọba wá láti inú ilé aṣòfin, ọjọ́ tí ilé kò bá gbà á gbọ́ mọ́ ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nílùú Lọ́ńdọ́nù ní 28 Oṣù Kẹta 1979, ìbò kan ṣoṣo, 311 sí 310, ló dá ìjọba Callaghan dúró. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn, 1962, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí tó jẹ́ gómìnà gba ìwé tí aṣòfin 66 buwọ́ lù pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà, mọ́. Ó yọ ọ́, ó fi Adégbẹ́nró síbẹ̀, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta níbí. Ẹjọ́ wá dé: ṣé ìwé tó, àbí àfi kí wọ́n dìbò nínú ilé? Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà ní ìwé kò tó. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Lọ́ńdọ́nù yí i padà ní Oṣù Karùn-ún 1963, wọ́n ní ìwé tó. Kí ni ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ṣe? Wọ́n tún òfin ẹkùn náà kọ, wọ́n sì fi ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kí ìdájọ́ Lọ́ńdọ́nù má baà rí ilẹ̀ dúró lé. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí aṣòfin bá ń pa iṣẹ́ adájọ́ rẹ́.

Lónìí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan kò lè dá a ṣe. Abala 9 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì ní Àbújá, lẹ́yìn náà ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ẹ wo orúkọ Ẹ̀gbádò: ó ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń pe ara wọn ní Yewa, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ "Ẹ̀gbádò Àríwá" àti "Ẹ̀gbádò Gúúsù" ló wà nínú òfin ìpìlẹ̀ títí di Oṣù Kẹta 2023. Láti yí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ méjì padà, gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn ni wọ́n rìn.

Olùkọ́_Ìjẹ̀mọ̀
Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan dí ẹnu àwọn tó máa ń sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa ní pínpín agbára. Láti ìgbà tí Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, Ògbóni ń ṣe tiwọn, Ológun ń ṣe tiwọn, Pàràkòyí ń bójú tó ọjà. Ṣáájú ìyẹn, Ọ̀yọ́ ti ní Ọ̀yọ́ Mèsì. Montesquieu, ará Faransé tó kọ̀wé nípa pínpín agbára, kọ tirẹ̀ ní 1748, àwọn baba wa ti ń ṣe é.

Agbẹjọ́rò_Ìsàbọ̀
Olùkọ́, mo yapa díẹ̀. Ògbóni kan náà tó ń ṣòfin ló ń dájọ́. Ìyẹn kì í ṣe pínpín iṣẹ́. Ohun tí àwọn baba wa ní ni ìkóra-ẹni-níjàánu: kò sí ẹni tó lè nìkan pàṣẹ. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Montesquieu ń wá bí ẹni tó ń ṣòfin kò ṣe ní jẹ́ ẹni tó ń dájọ́. Àwọn tiwa ń wá bí ọba kò ṣe ní ya olóro. Àti pé aláàbò náà lè di apanilára: Baṣọ̀run Gáà ló yẹ kó máa kó Aláàfin níjàánu, òun ló wá di ẹni tí gbogbo Ọ̀yọ́ ń sá fún títí Abíọ́dún fi bì í ṣubú.

Bàbá_Àkẹ̀
Ẹ̀yin méjèèjì ti fo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin. Òyìnbó ló wá ba ìkóra-ẹni-níjàánu yẹn jẹ́ fún wa. Ètò tí wọ́n mú wá sọ Aláké di aláṣẹ ìbílẹ̀ kan ṣoṣo: àṣẹ gbígba owó orí àti àṣẹ ṣíṣe òfin ìbílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn kan, Òyìnbó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn rí i kedere. Wọn kò bèèrè kí owó orí obìnrin dópin nìkan, wọ́n ní kí wọ́n fòpin sí ètò aláṣẹ kan ṣoṣo náà, kí obìnrin sì wà nínú ìgbìmọ̀. Aláké Adémọ́lá Kejì sọ ipò sílẹ̀ ní Oṣù Kìíní 1949, ó padà ní òpin 1950, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti wọ inú ìgbìmọ̀ tuntun. Nílùú tiwa, láti orí owó orí ni ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Oníṣirò_Ṣápọ̀n
Orí owó náà ló ṣì wà, Bàbá. Gbogbo ìṣirò 9 àti 18 yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́pọ̀ ọdún ni wọ́n ń lò ó. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ni ti ọdọọdún.

Abala 120 ní kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ jáde nínú àpò ìpínlẹ̀ láìjẹ́ pé ilé fọwọ́ sí i. Ó dára lójú ìwé. Ẹ wo bí ó ṣe ń jò. Nǹkan bí ìparí ọdún ni bọ́jẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wọlé, wọ́n sì fẹ́ kó kọjá kí ọdún tuntun tó dé. Bọ́jẹ́ẹ̀tì Ògùn fún 2025 kọjá tírílíọ̀nù kan náírà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ní. Ìgbìmọ̀ tó bá pe iléeṣẹ́ ìjọba mẹ́ta sọ́jọ́ kan kò lè ka ju àpapọ̀ owó lọ. Ẹ̀rù ọjọ́ kìíní ọdún kò sì yẹ kó bà wọ́n, torí abala 122 fún gómìnà láyè láti náwó fún oṣù díẹ̀ láìsí bọ́jẹ́ẹ̀tì tuntun, tí kò bá ti ju ohun tí wọ́n fọwọ́ sí fún irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ilé tó bá fẹ́ fara balẹ̀ ní àyè láti fara balẹ̀.

Ibi tó ń jò jù wà lẹ́yìn ìbuwọ́lù. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé owó tó máa wọlé jẹ́ 100, wọ́n sì pín 100 sí iṣẹ́ ogún. Bí 60 péré bá wọlé, ta ló ń yan iṣẹ́ tó máa rí owó gbà? Kì í ṣe ilé aṣòfin. Ẹ̀ka aláṣẹ ló ń tú owó sílẹ̀. Nítorí náà, bí iye owó tí wọ́n ń retí bá ṣe wú tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára aṣòfin ṣe ń dín kù, bí wọ́n tilẹ̀ fọwọ́ sí gbogbo ìlà. Bí mo bá jẹ́ ọmọ ilé, kí n tó wo ẹ̀gbẹ́ ìnáwó, ẹ̀gbẹ́ owó tó ń wọlé ni mo máa kọ́kọ́ gbé lé ìwọ̀n: kí ni wọ́n retí lọ́dún méjì sẹ́yìn, kí ló wọlé gan-an?

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ́dítọ̀ àgbà. Abala 125 fún un ní ọjọ́ 90, láti ọjọ́ tí ìwé owó ọdún bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, láti mú ìjábọ̀ rẹ̀ wá sílé, kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìnáwó ìjọba gbé e yẹ̀ wò. Bí akántáǹtì àgbà bá fi ìwé falẹ̀, ọjọ́ 90 kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Nígbà tí ìjábọ̀ bá sì dé, owó ti tán, kọmíṣánnà ti yí padà, nígbà mìíràn ilé gan-an ti yí padà.

Ìyá_Kútọ̀
Owó ilé aṣòfin àti ti kóòtù fúnra wọn ńkọ́? Ta ló ń fún wọn?

Agbẹjọ́rò_Ìsàbọ̀
Ẹ ti fọwọ́ kan egbò, mà. Ọwọ́ afúnni ló ń wà lókè. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí abala 121 ní 2018 ní kí owó ilé aṣòfin àti ti ẹ̀ka ìdájọ́ ìpínlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Ọ̀pọ̀ gómìnà kò ṣe é. Ààrẹ Buhari pa àṣẹ kẹwàá (Executive Order 10) ní Oṣù Karùn-ún 2020 láti fi ipá mú wọn. Ní Oṣù Kẹrin 2021 àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù daṣẹ́ sílẹ̀, ó lé ní oṣù méjì tí kóòtù fi wà ní títì; àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin náà ṣe tiwọn. Ẹni tó wà látìmọ́lé tó ń retí béèlì ni ìyà rẹ̀ jẹ jù. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ wá fagi lé àṣẹ kẹwàá náà ní Oṣù Kejì 2022: ohun tó wà nínú òfin ìpìlẹ̀ ni kí wọ́n tẹ̀lé, Ààrẹ kò lè fi àṣẹ tirẹ̀ darí owó ìpínlẹ̀. Àǹfààní ni fún àwọn gómìnà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi ìdájọ́ náà tọ̀nà.

Ohun tí wọn kò lè ṣe mọ́ ni kí gómìnà àti ilé para pọ̀ yọ adájọ́ àgbà. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní Kwara ní 2009. Ní 2012 ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní àfi kí ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ lórílẹ̀-èdè, NJC, kọ́kọ́ dá sí i. Ẹ rántí ẹni tó ń yan àwọn 7 inú abala 188, ẹ ó mọ ìdí tí adájọ́ àgbà fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé_Ìbarà
Ẹ jẹ́ kí n fi ti Àbújá kan kún un. Ìkéde pàjáwìrì lábẹ́ abala 305 fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan: sẹ́nétọ̀ 73 nínú 109, ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin 240 nínú 360. Nígbà tí ti Rivers dé iwájú wọn ní 20 Oṣù Kẹta 2025, ariwo "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni wọ́n fi pinnu. Etí kankan kò lè ka 240. Ibi tí òfin bá ti sọ iye, ó yẹ kí wọ́n ka orí ẹni kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ orúkọ sílẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹjà
Ẹ ṣé gan-an. Ó ku ẹyọ kan: kí ni ará ìlú lè ṣe yàtọ̀ sí dídìbò? Àwọn kan ti ń sọ pé kí a pe aṣojú padà sílé.

Akọ̀wé_Ìbarà
Pípe aṣojú padà, abala 110: ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà lọ tí wọ́n máa buwọ́ lu ìwé. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ o, kì í ṣe àwọn tó dìbò. Lẹ́yìn náà INEC á ṣe ìbò bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́ láàrin ọjọ́ 90. Nígbà tí wọ́n gbé irú rẹ̀ dìde sí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní Kogi, àwọn tí INEC rí fìdí ìbuwọ́lù wọn múlẹ̀ ní 2018 kò ju 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ má fi agbára ṣòfò níbẹ̀.

Ìwé ìdámọ̀ràn sí ìgbìmọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ilé bá kéde ìjókòó ìtagbangba lórí rédíò OGBC tàbí nínú ìwé ìròyìn, ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé ilé. Ẹ kọ orúkọ àbádòfin, nọ́ńbà ẹsẹ tí ẹ ń sọ, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, àti ìdí. Ojú ìwé méjì tó. Ìwé tó kàn ń ráhùn kì í wọ ìjábọ̀. Èyí tó bá ti kọ ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ń dà kọ tààrà.

Oníṣirò_Ṣápọ̀n
Ti owó: ìpínlẹ̀ máa ń gbé ìjábọ̀ ìnáwó oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá iṣẹ́ àdúgbò yín, ẹ wo iye tí wọ́n fọwọ́ sí àti iye tó ti jáde. Bí oṣù mẹ́sàn-án bá ti kọjá tí òpó ìdá ọgọ́rùn-ún sì wà ní òdo, ẹ kọ̀wé béèrè lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn 2011. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sí kóòtù. Tẹ́lẹ̀ àwọn ìpínlẹ̀ máa ń ní òfin yẹn kò kan àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti yanjú ìyẹn ní Oṣù Kẹrin 2025, ó kan gbogbo ìjọba.

Ìyá_Kútọ̀
Tí a bá wá fẹ́ fojú ara wa wo ìjókòó ilé, kí ló yẹ ká máa wò?

Agbẹjọ́rò_Ìsàbọ̀
Bí ẹ bá ti jókòó, mà, ẹ ka orí kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ yọ ẹni tó wà lórí àga abẹnugan kúrò nínú iye. Bí ó bá jẹ́ 8, ẹ máa wo ẹni tó máa dìde.